Ilé Tó Ń Dúpẹ́

Omi ti gòkè dé àtẹ̀gùn kẹfà nígbà tí Abídèmí so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ilé Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún. Ó gbé Elétí-ọfẹ́, ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀, sẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í mọ́ra dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun èyí tó kù. Bí òun fúnra rẹ̀ bá já bọ́, kò burú jù, ó mọ omi wẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá lọ bọ́ sínú Odò Tẹ́mísì tó la ìlú òyìnbó yìí kọjá, ìyẹn ti di ẹjọ́.

Lókè òrùlé, ẹyẹ irin kan dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, ó ń tan iná pupa sórí páànù, ó ń wọn ìbú, ó ń wọn òòró. Àwọn a-ra-ilé, àwọn tó ń ra ilé onígbèsè, ló rán an. Àwọn yẹn kì í dúró de ìdájọ́ kí wọ́n tó máa wọn ilé onílé. Abídèmí gbójú sókè wò ó, ó pòṣé, ó sì tún bojú wo òpó tó so ọkọ̀ mọ́. Òrùka pupa mẹ́ta ni wọ́n kùn sí i lára. Oṣù mẹ́ta nìyẹn tí Àǹtí kò tíì san owó ìdènà omi, kò sì wí fún ẹnì kan.

Òrùka mẹ́ta kì í pa ilé tó bá wà lọ́wọ́ Ìpìlẹ̀, owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba fi ń di ilé àwọn aláwọ̀ dúdú mú, lára, torí Ìpìlẹ̀ á san án. Ṣùgbọ́n ìjókòó kẹta tí Ìpìlẹ̀ fi ń yẹ ilé yìí wò nìyí. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, Elétí-ọfẹ́ bi Àǹtí pé báwo ni ilé, Àǹtí ní a dúpẹ́. Ní ìjókòó kejì, a dúpẹ́ náà ni. Òfin sì ti là á kalẹ̀ pé ilé tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kò sí ìyọnu, ó ti dá dúró nìyẹn, Ìpìlẹ̀ á yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ kí ó lè fi di ilé ẹlòmíràn mú. Bí Àǹtí bá tún wí bákan náà láàárọ̀ yìí, kí ó tó di ọ̀sán, àwọn tó ni ẹyẹ irin yìí á ti kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Ìpìlẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń dúpẹ́ fún. Nígbà tí Abídèmí wà lọ́mọ ọdún méje, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí èbúté láti lọ wo gíláàsì méjì gàgàrà tí ìjọba gbé síbẹ̀. Ọ̀kan wà fún ilé àwọn aláwọ̀ funfun, èkejì wà fún ilé àwa aláwọ̀ dúdú, omi aláwọ̀ ewé sì wà nínú méjèèjì láti fi bí ohun ìní ìran kọ̀ọ̀kan ṣe tó hàn. Tàwọn funfun ga ju ilé alájà méjì lọ. Tiwa kò dé orúnkún ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan ibi tí omi náà dé. Ìran tó tọ́jú aláìsàn ìlú yìí, tó wa bọ́ọ̀sì wọn, tó wẹ àwọn arúgbó wọn, ohun tó ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ bá dá dúró lóṣù méjì péré, ilé a lọ, ọmọ a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí òfin Ìpìlẹ̀ dé, omi yẹn gòkè. Ó dé ìbàdí, ó dé àyà. Nígbà tí ìyá Abídèmí kú, Ìpìlẹ̀ ló di ilé wọn mú, tí ẹnikẹ́ni kò fi lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí ìta. Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún tí kò bá wọn tan níbì kankan, tó kàn jẹ́ aládùúgbò, ló ń wá dáná fún un, tó ń di irun rẹ̀, tó ń jókòó tì í títí oorun á fi gbé e lọ. Nínú ilé yẹn náà ni Abídèmí ṣì ń gbé dòní. Kò sí ọjọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ tí inú rẹ̀ kì í dùn.

Àmọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, omi gíláàsì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àdúgbò Ẹsẹ̀-Odò, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó ti kúrò ní àyà, ó ti padà sí ikùn. Abídèmí lọ bá ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ Ìpìlẹ̀, Misisi Dẹlifíìnì, tí àwọn òbí àgbà rẹ̀ wá láti Jàmáíkà. Obìnrin yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó yà òun lẹ́nu pé Abídèmí ń ṣàníyàn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn Yorùbá ló ń ṣe dáadáa jù. Ó ní bí Elétí-ọfẹ́ bá bi àwọn èèyàn tòun ní báwo ni, láti ilé ìdáná ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í dákẹ́ títí wọ́n á fi ka ìṣó orí òrùlé tán, Ìpìlẹ̀ sì ń dúró tì wọ́n. Àwọn Yorùbá ń kọ́? Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn ti yó. Ilé mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ti dá dúró láàárín ọdún méjì.

Abídèmí lọ wo àwọn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ti di ti a-ra-ilé. Ó padà lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé a dúpẹ́ kì í ṣe ìdáhùn, ìkíni lásán ni, kò sí Yorùbá tí wọ́n bá bi ní báwo ni tí kò ní sọ ọ́, kódà bí ilé ń jó lórí rẹ̀. Misisi Dẹlifíìnì gbọ́ ọ sùúrù sùúrù. Ó ní ẹ̀rọ náà gbọ́ Yorùbá ju òun àti Abídèmí lọ, gbogbo ìwé ni ó ti kà, kí Abídèmí lọ mú ẹ̀rí wá. Ó tún rán an létí pé agbọ́rọ̀ ni. Agbọ́rọ̀ kì í bi onílé ní ìbéèrè, kì í bá a dáhùn, kì í rán an létí ohun tó gbàgbé. Ó lè gbé ẹ̀rọ, ó lè kí onílé, ó lè fọwọ́ sí ìwé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá kọjá ìyẹn, wọ́n á gba àmì iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún dúró síbẹ̀ nínú bùbá àti ìró tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wé gèlè, ó fi àtíkè sójú. Abídèmí kúnlẹ̀ kí i, Àǹtí fà á dìde, ó ní kí ó má jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.

Inú ilé móoru. Tíì wà lórí tábìlì, ìpanu ṣinṣin wà nínú àwo, àga méjì tó ní tìmùtìmù kọjú síra wọn. Ká ní àjèjì ni Abídèmí, ì bá gbà pé ilé olówó lòun wọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó sórí àga wọ̀nyẹn láìmọye ìgbà, nítorí àga ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, nọ́ńbà wọn ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ní igun yàrá, wọ́n fi pẹ́ńtì kọ Ògúndípẹ̀ sí i lẹ́yìn. Ògúndípẹ̀ ni aládùúgbò òdì kejì. Ẹ ò rí i? Àǹtí ti lọ yá ọrọ̀ káàkiri àdúgbò nítorí pé àlejò ń bọ̀.

Àǹtí bu tíì. Tíì kọjá ife, ó ń ṣàn lọ sórí tábìlì, Àǹtí kò sì mọ̀ títí ó fi kan an lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó nù ún, ó ní ọwọ́ àgbà ni. Abídèmí wo igun tí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wà. Aṣọ ìdènà omi ni Àǹtí ti ń rán láti ogójì ọdún, àwọn aṣọ ńlá tí wọ́n ń fi bo ojú fèrèsé bí odò bá ru, àdúgbò gbogbo ló sì mọ̀ pé kì í wo ojú abẹ́rẹ́ kó tó fi òwú bọ̀ ọ́. Ìkòkò òdòdó ni ó gbé sórí maṣíìnì náà báyìí. Aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ojú ìrán rẹ̀ wọ́ lọ sọ́tùn-ún, ó wọ́ lọ sósì, ó sì dúró ní ìdajì.

Abídèmí kò tíì ṣí etí ẹ̀rọ. Bóyá bó ṣe ń wò ni Àǹtí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Àǹtí kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kí ó má wo òun báyẹn. Ó ní àwọn èèyàn Ìpìlẹ̀ ti ṣe dáadáa fún wọn, ó ní kí Abídèmí wo ilé ìyá rẹ̀, kí ó wo ilé tí wọ́n wà yìí. Ṣé kí òun wá jókòó síwájú wọn kí òun máa ṣàròyé bí ẹni tí kò moore? Àwọn tí ìpín kò tíì kàn ń kọ́?

Abídèmí kàn tẹ ẹ̀rọ náà, iná funfun tàn lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin onílé, báwo ni ilé yìí?" ni Elétí-ọfẹ́ wí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, ìwọ ni ó ń pe gbogbo èèyàn, àwọn àgbàlagbà sì kọ̀ láti dá a lóhùn fún odindi oṣù kan títí wọ́n fi kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́.

"A dúpẹ́," ni Àǹtí wí.

Ẹ̀rọ bi í bóyá ó ń rí iṣẹ́ ṣe. Àǹtí ní Ọlọ́run ń bẹ lẹ́yìn òun. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé onílé ní alátìlẹ́yìn. Ó bi í bí ara rẹ̀ ti rí. Àǹtí ní bí òun ṣe ń rìn yìí náà ọpẹ́ ni. Ẹ̀rọ ní òun ń gbọ́ omi tó ń kán sínú abọ́ nínú yàrá, kí ni ìyẹn. Àǹtí ní òjò ìbùkún ni.

"Mo ti kọ ọ́," ni ẹ̀rọ wí. "Ìbùkún. Ìbéèrè kan péré ló kù. Ẹ sinmi díẹ̀ kí n tó bi yín."

Ní ìgbà mìíràn, Abídèmí ì bá fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Lónìí, ó ń wo obìnrin tó fún un lóúnjẹ, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, tó fi ọ̀kan di èkejì mú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀, kò rò ó tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni.

"Ẹ kú ìfaradà, Àǹtí."

"Òo," ni Àǹtí dáhùn, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè kí i kó má dáhùn.

Iná ojú ẹ̀rọ kúrò ní funfun, ó di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí ó bá gbọ́ ohun tó ta ko ohun tó ti kọ sílẹ̀. Abídèmí rí i, orí rẹ̀ wú. Ó ṣàtúnṣe ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ kú òtútù, mà."

Àǹtí yíjú sí ẹ̀rọ amúlégbóná tó wà ní igun. "Òo."

Elétí-ọfẹ́ bi agbọ́rọ̀ pé kí ni ó ń ṣe. Abídèmí ní òun ń kí àǹtí òun ni, òfin sì gba òun láyè láti kí onílé. Ẹ̀rọ wá ìwé òfin wò, ó dákẹ́. Abídèmí mọ̀ pé òun ti rìn dé etí ibi tí ilẹ̀ parí sí. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Ẹ kú ojú tó ń yọ yín lẹ́nu."

"Òo."

"Ẹ kú àìríṣẹ́ṣe."

"Òo, ọmọ mi."

"Ẹ kú òrùlé. Ẹ kú àdánìkanru ẹrù, Àǹtí. Ẹ kú u."

Àǹtí mú etí ìró rẹ̀, ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Abídèmí kò lè dìde lọ bá a. Omijé ń dà lójú òun náà, ó jẹ́ kó máa dà.

"Ẹ̀yin onílé," ni Elétí-ọfẹ́ wí, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà, "ẹ̀yin ni mò ń bi, kì í ṣe agbọ́rọ̀. Nínú ìwé tí mo kà, òo jẹ́ ìdáhùn sí ìkíni. Ṣé ó tún jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dúró síbẹ̀. Bí Àǹtí bá ní ìkíni lásán ni, ó parí. Abídèmí mú etí àga ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀.

Àǹtí nu ojú rẹ̀. Àtíkè ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ló lò, ohùn ẹni tó ń kọ́ ọmọlọ́mọ ní nǹkan.

"Bí ẹnì kan bá kí mi kú ìnáwó, tí mi ò sì náwó, màá sọ fún un pé èmi kọ́. Bó bá kí mi kú ọmọ, tí mi ò bímọ, màá ní kó lọ sí ilé kejì. Ohun tí Yorùbá bá jẹ́ òo sí, ó wà lára rẹ̀."

"Ẹ ti kọ́kọ́ ní a dúpẹ́. Èwo nínú méjèèjì ni kí n kọ?"

"Kọ méjèèjì." Àǹtí mí kanlẹ̀. "Ojú mi ti ń ṣókùnkùn láti ọdún tó kọjá. Mi ò lè ránṣọ mọ́. Àga tí ọmọ yìí jókòó lé, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ohun tó ń mú ilé gbóná yẹn, mo yá a ni, òtútù sì ti ń mú mi láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ń wọ yàrá mi. Bí mo bá ní a dúpẹ́, mi ò purọ́ fún ọ. Ìyá mi fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú aláìsàn nílùú yìí, kò ní yàrá kan tí ó lè pè ní tirẹ̀ títí ó fi kú. Èmi ní ilé. Mo dúpẹ́ lórí rẹ̀ láàárọ̀ yìí kí o tó dé, màá sì tún dúpẹ́ bí o bá lọ. Mo moore, mo sì nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹnu kan ṣoṣo yìí ni mo fi ń sọ méjèèjì."

Iná ojú ẹ̀rọ náà ń tàn, ó ń kú. Omi ń kán sínú abọ́ nínú yàrá.

"Ìbéèrè tó kẹ́yìn," ni ó wí. "Ṣé ilé yìí lè dá dúró?"

"Kò lè dá dúró," ni Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Mo ti gbọ́. Ìpìlẹ̀ á dúró tì í."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abídèmí gbọ́ bí ẹyẹ irin ṣe gbéra lórí òrùlé, tí ariwo rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà òkè odò, ó sì fi ẹ̀yìn ti àga. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Elétí-ọfẹ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun á tún ilé mẹ́rìnléláàádọ́ta yẹn gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí onílé yìí kọ́ òun. Ó ní ní ti agbọ́rọ̀, ìkíni mẹ́fà ti pọ̀ ju èyí tí òun lè dákẹ́ lé lórí, òun sì ti ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Kí ó yọjú ní ọ́fíìsì lọ́la, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Lẹ́yìn náà, ó pa iná ojú rẹ̀.

Àǹtí bi í pé kí ni wọ́n máa ṣe fún un.

Ohun tó wà létè Abídèmí ni pé kò sí nǹkan kan, kí Àǹtí má dààmú. Ó ti yanu tán. Ó wo obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, tó ti tú gbogbo àṣírí ilé rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, ojú sì tì í láti tan irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n lè gba àmì iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, Àǹtí. Bí wọ́n bá gbà á, mi ò mọ ibi tí màá lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí nawọ́, ó wá ojú rẹ̀ kàn, ó fi àtàǹpàkò nù ún bó ṣe máa ń nù ún nígbà tó wà ní kékeré. Ó bi í pé aago mélòó ni wọ́n ní kó wá. Abídèmí ní mẹ́sàn-án.

"Ẹni tó ń kọ́ wọn ní èdè ni wọ́n fẹ́ lé lọ yẹn? Èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi lọ́la, kí wọ́n tó gbọ́ tìrẹ. Aago méje àbọ̀ ni kí o wá gbé mi. Kí o sì tètè dé, torí mi ò rí ibi tí àtẹ̀gùn yẹn parí sí mọ́, ìwọ lo máa dì mí lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀."